Òjò Inú Ọbẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Keje, 1931

Kí ẹni tó bá rí ìwé yìí lẹ́yìn ikú mi mọ̀ pé èmi Clarrie Noonan, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ará Pyrmont, ni mo ni ọ̀fun tó lágbára jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Ọsirélíà. Mo yán bí ẹṣin ní òpópónà Harris lọ́dún tó kọjá, ẹṣin mọ́kànlá já okùn, wọ́n tẹ̀lé mi dé Redfern. Mo gbó bí ajá, ọlọ́pàá méjì gun òpó iná, ọ̀kan ò tíì sọ̀ kalẹ̀ títí di òní. N kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ mi. Inú ìyá mi ni mo ti gbé e wá. Nígbà tí agbẹ̀bí gbọ́ ẹkún mi àkọ́kọ́, ó ní ta ló so ewúrẹ́ mọ́ inú yàrá.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lónìí torí pé mo ti rí iṣẹ́. Ilé ìkẹ́rù irun àgùntàn tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa ṣófo báyìí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ títí irun tuntun yóò fi dé. Àwọn kan ti háyà rẹ̀, wọ́n fẹ́ ya sinimá tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àyékòótọ́ funfun kan ni olórí eré náà, ti Ìyá Gilhooley tó ni ilé ọtí igun òpópónà. Káńsẹ́lọ̀ ni wọ́n ń pe ẹyẹ yìí. Gbogbo Pyrmont ló mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti tan iná sí i lójú láàárọ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ, èyí tó máa ń sọ nílé ọtí bí aago mẹ́fà bá lù: "Àkókò ti tó o! Ẹ mu ún tán, ẹ máa lọ sílé yín!"

Àwọn ará èbúté tí wọ́n kó jọ kí wọ́n ṣe bí èrò ìsìnkú gbé fìlà wọn, wọ́n dìde, wọ́n ń lọ.

Ojú fèrèsé ni mo wà. Mo fi ohùn Káńsẹ́lọ̀ gan-an pariwo: "Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ? Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọ̀lẹ!"

Wọ́n padà, wọ́n jókòó. Ọ̀gá Pascoe tó ń darí eré náà wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Ẹyẹ ni, sà."

"Ẹyẹ kì í pe èèyàn ní sà. Wọlé wá, ìwọ ọmọ yìí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Keje

Ọ̀gá Pascoe ní kí bàbá mi wá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́. Mo ní ọ̀nì ti jẹ bàbá mi ní Queensland.

"Ó jẹ ẹ́ tán?"

"Ó ku bàtà kan, sà."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní kí ìyá mi fọwọ́ sí i nígbà náà.

Màámi fọwọ́ sí i lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ bá gbọ́, n kò ní sí nílé."

Bàbá kò kú. Ó wà ní kíṣíìnì, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jókòó lábẹ́ aṣọ àwòrán ní Coronet, ilé sinimá àdúgbò wa, nígbà tí sinimá ò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí ẹṣin bá sáré lójú àwòrán, Bàbá ni. Bí òjò bá rọ̀, tí ààrá sán, tí ọkọ̀ ojú irin kọjá, òun ni, gbogbo rẹ̀ ti inú àpótí yẹn jáde. Lọ́jọ́ tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n lé òun àti àwọn onífèrè jáde, wọ́n fi pákó bo ibi tí wọ́n ń jókòó, wọ́n to ìkòkò òdòdó sórí rẹ̀. Bàbá gbé àpótí wálé, ó jókòó lé e, ó sì búra pé ẹni bá ṣiṣẹ́ fún sinimá tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ẹni náà ò ní sun abẹ́ òrùlé òun mọ́. Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ lọ sí ọjà, ó máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó má bàa kọjá níwájú Coronet.

Mo sọ fún un pé wọ́n gbà mí kí n máa bá àwọn ológbò ilé ìkẹ́rù lé eku. Ó ní iṣẹ́ gidi ni.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Keje

Abẹ́ tábìlì ni ọ́fíìsì mi. Káńsẹ́lọ̀ dúró lórí tábìlì, aṣọ tábìlì kanlẹ̀, ihò kan wà lára aṣọ tí mo fi ń wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n fi oyin ìrèké pa á lẹ́nu, ó ń pọ́n ọn lá, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, èmi sì ń ki ọ̀rọ̀ sí i. Máìkì wà nínú ìkòkò òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí a bá sọ nígbà yẹn náà ni yóò wọ inú sinimá. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́, ó di kí a tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọ́n ti ọkùnrin tó ń yí kámẹ́rà mọ́ inú àpótí onígíláàsì kí máìkì má bàa gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣí i fún un, á jáde bí ẹni tí wọ́n sè.

Ẹni tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ni Ọ̀gá Thirkell, ará Melbourne, tó ń gba ohùn sílẹ̀. Inú yàrá gíláàsì ló ń wà, irin ìgbọ́rọ̀ lára etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ń gbọ́ ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́.

"Ẹ dúró! Clarrie, kí lo jẹ láàárọ̀?"

"N kò tíì jẹ nǹkan kan, sà."

"Ohun tí mo gbọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ fún un ní páì ẹran kó dákẹ́."

Láti ọ̀la lọ, inú mi á máa kùn lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Keje

Òjò. Òrùlé páànù. A ò ya nǹkan kan. Owó bọ́tà ti gun òkè sí i, Màámi ní ọ̀rá màlúù lórí búrẹ́dì kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Keje

Káńsẹ́lọ̀ bù mí jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí. Tó bá rí ìka tó yọ lábẹ́ aṣọ, ó rò pé ẹ̀pà ni. Bàbá fi oògùn egbò sí i fún mi, èyí tó máa ń ta èèyàn bí ata.

"Eku wo ló ń gé èèyàn bí ìlàjì òṣùpá?"

"Eku Pyrmont ni, Bàbá. Wọ́n ti yàtọ̀."

"Mo rí i."

Ó ń fi ìka lu etí tábìlì bó ti ń wo òde. Ẹṣin mẹ́ta ló ń sáré lára tábìlì yẹn, mo mọ̀ láìwo ọwọ́ rẹ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ń tiro. Bí mo bá gbójú sókè nígbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, á dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Keje

Mo ti mọ gbogbo ìtàn eré náà. Opó olówó kan kú, ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹ rẹ̀. Ilé ńlá lórí òkè, tòun ti kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Àwọn ẹbí dé, gbogbo wọn ń wá ojúrere ẹyẹ. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ń ka ìwé fún un, obìnrin kan wẹ̀ ẹ́ nínú wáìnì. Ọmọbìnrin tálákà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, tí Míìsì Delphine Orr ń ṣe, nìkan ni kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Ó kàn ń kọrin sí i. Èmi sì ń gbè é lábẹ́ tábìlì.

Míìsì Orr gbé aṣọ tábìlì sókè lẹ́yìn orin, ó wò mí. "Ṣé ìwọ ni mo ń fi ojú ìfẹ́ wò látàárọ̀?"

"Èmi ni, àǹtí."

"O gbọ́dọ̀ nu imú rẹ."

Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó gbè dáadáa tó bẹ́ẹ̀ láti ìlú Lọ́ńdọ̀nù dé ibí. Bóyá Parramatta ló sọ. Ó jìnnà ṣáá.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Keje

Àwọn tó ń kan irin mọ́ afárá tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní èbúté kò dáwọ́ ariwo dúró láti aago méje. Ọkọ̀ ojú omi kan fun fèrè nígbà tí a fẹ́ parí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá la tún ìran kan ṣe. Ní ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, ó bọ́ sí i. Káńsẹ́lọ̀ la ẹnu, èmi ní, "Irùngbọ̀n yìí, ṣé ìtẹ́ ẹyẹ ni? Ta ló ń gbé inú rẹ̀?" Ọkùnrin inú àpótí gíláàsì rẹ́rìn-ín títí àpótí fi ń mì, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé àwọn tó ni ilé ìkẹ́rù dé. Irun àgùntàn tuntun á wọlé lọ́jọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹjọ. Kì í ṣe ọjọ́ kejì rẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ku níbẹ̀, á kó irun lé wa lórí. Ọ̀gá Pascoe ní kò síbòmíràn tí òun lè gbé e lọ, àwọn tó gbé owó eré náà sílẹ̀ sì ti sọ pé àwọn ò ní fi kún un. Tí ìran ìkẹyìn ò bá wọlé ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò ní sí sinimá. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ohùn mi láéláé, àfi àwọn ológbò.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹjọ

Ìran ìkẹyìn nìkan ló kù: ìjì. Ìjì ṣí òrùlé ilé ẹyẹ, ààrá ń sán, àwọn ẹbí sá lọ. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ àti ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà nìkan ló dúró ti Káńsẹ́lọ̀, ó sì fún àwọn méjèèjì ní ilé. Kò sí ìjì, kò sí òpin.

Ọ̀gá Thirkell ní òun ò fẹ́ ayédèrú. Ó ní kí wọ́n da omi gidi sórí páànù gidi. Nígbà tí ẹ̀rọ lù ú padà fún wa gbọ́, ẹja ló ń dín nínú ọ̀rá. Ó ní kí wọ́n fa ẹṣin gidi wọlé, kí ẹni tó ń pín lẹ́tà lè gùn ún dé. Ẹṣin yẹn rìn kọjá, ó dà bí káfíńtà tó ń kan pósí. Ó ní kí wọ́n lu ọpọ́n omi fún ààrá. Ọpọ́n omi la gbọ́.

"Omi ni," Ọ̀gá Thirkell ń sọ, ó ń na ọwọ́ sí omi nílẹ̀. "Omi gidi ni!"

"Sọ fún máìkì," Ọ̀gá Pascoe dá a lóhùn.

Mo mọ ibi tí òjò tó jọ òjò wà. Bàbá ló jókòó lé e.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́bọ̀ ni Bàbá máa ń lọ tò fún oúnjẹ ìjọba. Bó ti yíjú, mo ṣí àpótí. Èèpo àgbọn tó fi ń ṣe ẹsẹ̀ ẹṣin, irin pẹlẹbẹ tó fi ń ṣe ààrá, kẹ̀kẹ́ aláṣọ tó fi ń ṣe afẹ́fẹ́. Ìlù òjò wà nísàlẹ̀: ó fẹ̀ bí asẹ́, awọ lójú àti lẹ́yìn, ẹ̀wà roboto gbígbẹ nínú. Ó ń pariwo bí mo ti gbé e. Gbogbo òpópónà á gbọ́ pé òjò ń jáde nílé Noonan. Mo bá da ẹ̀wà inú rẹ̀ sínú agolo tíì tó ṣófo, mo gbé agolo náà sórí pẹpẹ kíṣíìnì, kí n kọ́kọ́ gbé ìlù lọ, kí n wá padà wá mú ẹ̀wà.

Mo pàdé Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń pín oúnjẹ ń ṣàìsàn, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ìlù wà lábẹ́ kóòtù mi.

"O ti sanra," ó ní.

"Páì ni, Bàbá."

Bàbá kì í kúrò ní kíṣíìnì nígbà tí mo bá wà nílé, n kò lè padà lọ mú ẹ̀wà. Mo da àlìkámà oúnjẹ ẹṣin sínú ìlù. Ọ̀gá Thirkell gbọ́ ọ, ó ní eku ló ń sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹjọ

Ọkà báálì: rárá. Bọ́tìnì: rárá. Mo ṣèlérí pé lọ́jọ́ Ajé, bí ayé bá ń parí, màá mú òjò wá.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹjọ

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, n kò ní fi nǹkan kan kún un.

A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, òórùn ọbẹ̀ gba gbogbo ilé. Màámi ń rẹ́rìn-ín, èyí tó ti pẹ́ tí mo rí. Ó ní òun ń wá tíì lánàá, òun ṣí agolo kan, òun rí ẹ̀wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ẹnu. Ó ní Ọlọ́run ló fi síbẹ̀. Ó rẹ ẹ́ sómi láti àná, ó sè é pẹ̀lú egungun àgùntàn.

Mo wo orí pẹpẹ. Agolo ti ṣófo.

Bàbá jẹun, ó ní ọbẹ̀ dára. Ó bu ṣíbí kẹta, mo sì gbọ́ *kọ́* lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́ jáde. Ẹ̀wà kan tí kò jinná. Ó wò ó nínú àtẹ́lẹwọ́. Ó jẹ́ kó bọ́ sínú abọ́ tánganran láti òkè. Ó gbé etí sí i. Ó wá òmíràn nínú ọbẹ̀, ó tún jẹ́ kó bọ́.

"Ìyá Clarrie, níbo lo ti rí ẹ̀wà yìí?"

"Nínú agolo tíì."

"Kì í ṣe ẹ̀wà." Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Òjò mi nìyí. Ọdún mọ́kànlá. Mo ti jẹ ìdajì rẹ̀."

Ó dìde, ó ṣí àpótí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yíjú, èmi ló ń wò.

"Ìlù dà?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti wọ bàtà, ó ti dé fìlà. N kò mọ ìdí tí kò fi jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ẹyẹ, abẹ́ tábìlì, sinimá tó ń sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí irun ń bọ̀. Ti ọ̀nì nìkan ni n kò sọ.

Bàbá kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Parí ọbẹ̀ rẹ." Mo parí rẹ̀. Ẹ̀wà kan wà nínú tèmi tó le bí òkúta, mo gbé e mì.

"O mọ ohun tí mo búra."

"Bàbá Clarrie," Màámi ní, "o ní abẹ́ òrùlé rẹ. Òrùlé onílé ni, kì í ṣe tìrẹ."

"Mo búra, Ìyá Clarrie."

Mo kó aṣọ mi méjì. Ìyá Gilhooley gbà mí sí yàrá àgbá ọtí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Káńsẹ́lọ̀. Ó ní bí ẹyẹ náà bá bú mi, kí n má bú u padà, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kíákíá.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹjọ

N kò mú òjò wá. Wọ́n fẹ́ tún ìran kékeré kan ṣe. Ọ̀gá Pascoe ní kí wọ́n dá a dúró. "Kí ló ṣe ẹyẹ yìí? Ó dà bí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú ara rẹ̀."

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹjọ

Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Òjò gidi rọ̀ látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dá díẹ̀, a ya ojú Káńsẹ́lọ̀ nìkan. Mo rò pé mo rí fìlà kan lójú fèrèsé.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹjọ

Iná pupa ń jó lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má mí. Ọ̀gá Thirkell ń da omi sórí páànù nígbà kọkànlélógún. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ọ̀gá Pascoe lọ ṣí i, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Bàbá ló dúró síbẹ̀, àpótí lórí èjìká.

"Ta ló ń dín ẹja níbí?"

"Òjò ni," Ọ̀gá Thirkell ní.

"Òjò ìlú wo?"

"Ta ni ẹ̀yin, sà?" Ọ̀gá Pascoe béèrè.

"Bert Noonan. Ìlù mi ni mo wá gbà. Èmi ni bàbá ọmọ tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn."

Ọ̀gá Pascoe bọ́ fìlà, ó tún dé e padà. "Èyí tí ọ̀nì jẹ?"

Bàbá yíjú sí tábìlì. "Ọ̀nì wo?"

Ẹ̀rù bà mí débi pé ohùn Káńsẹ́lọ̀ ló jáde lẹ́nu mi: "Ti Queensland."

"N kò kọjá Newcastle rí láyé mi."

"Ó sọ fún wa pé ó ku bàtà kan," Ọ̀gá Pascoe ní.

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Ó dá èkejì padà."

Ó gba ìlù rẹ̀. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ọwọ́. "Ta ló da oúnjẹ adìyẹ sínú òjò?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé àpótí, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Mo ń wò ó láti inú ihò aṣọ. Mo mọ̀ pé bó bá kọjá ilẹ̀kùn yẹn, sinimá ti kú, èmi náà ò sì ní sùn nílé mọ́.

Ọ̀gá Thirkell tún da omi.

Bàbá dúró. Èjìká rẹ̀ gòkè bí ẹni tí nǹkan tútù kan eyín rẹ̀. Wọ́n tún da omi. Ó gbé àpótí sílẹ̀.

"Ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ó yọ agolo tábà kan nínú àpò. Ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀. Ó ti ṣà wọ́n nínú ọbẹ̀, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọ́n lẹ́bàá iná fún ọjọ́ márùn-ún. "Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kọ̀ tí kò jinná. Àwọn tó rọ̀ ti lọ. Àwọn tó le ló kù." Ó dà wọ́n sínú ìlù, ó sì tẹ ìlù náà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé omi kí ó má dànù. Kò mì ín. Mo máa ń gbàgbé pé kì í mì ín.

Ọ̀gá Thirkell ti padà sínú yàrá gíláàsì, irin létí. Ó wo òkè. Ó dìde, ó ṣí fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ jáde, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbẹ.

"Noonan," Ọ̀gá Pascoe ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ṣé ẹ ní ààrá?"

"Ààrá ilẹ̀ wo lẹ fẹ́?"

Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ ba, ó gbé aṣọ tábìlì sókè. "Jáde. Ọwọ́ méjì ni mo ní, ìwọ lo máa yí afẹ́fẹ́."

"Bàbá, èmi ni mò ń ṣe ẹyẹ."

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́rú. O ń mí kí ẹyẹ tó pariwo. Ẹyẹ kì í mí kó tó pariwo. Fi ọwọ́ yí afẹ́fẹ́, kí o fi ẹnu ṣe ẹyẹ."

Nígbà tí a ń lọ, mo yà sí ọ̀nà ilé ọtí. Ó pè mí. "Níbo lò ń lọ? Wá sùn sílé."

"Ẹ ti búra, Bàbá."

"Òrùlé onílé ni."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹjọ

Ohun tó le ni pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀, orin, ẹṣin, ìjì: kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ọ̀kan kún un tó bá yá. Bàbá jókòó sórí àpótí lẹ́yìn aga, òjò lórí orúnkún, èèpo àgbọn lọ́wọ́ kan, ó fi okùn so irin ààrá mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wà lábẹ́ tábìlì, kẹ̀kẹ́ afẹ́fẹ́ lápá òsì mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la bà á jẹ́. Màámi ló ba ti ẹ̀kẹta jẹ́, ó wá wòran, ó pariwo pé aṣọ òun wà lórí okùn níta.

Ní ẹ̀kẹrin, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń bọ̀. Ẹṣin ẹni tó ń pín lẹ́tà dé. Míìsì Orr kọrin. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi lé àwọn ẹbí jáde gùn, mo ti há a sórí ní ọjọ́ mẹ́wàá. Mo la ẹnu. N kò mí. Ní àkókò yẹn gan-an Bàbá ta ẹsẹ̀, ààrá sán, Káńsẹ́lọ̀ sì nà tán, ògbe rẹ̀ dìde gangan, ó fi ohùn ara rẹ̀ kígbe: "Àkókò ti tó o! Ẹ mu ún tán, ẹ máa lọ sílé yín!"

Àwọn ẹbí sá. Ará èbúté ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ò ṣe eré, wọ́n sá lóòótọ́. Onírùngbọ̀n ṣubú lé obìnrin tó wẹ ẹyẹ nínú wáìnì. Mo pa ẹnu mi dé, mo ń yí afẹ́fẹ́ lọ.

Ọ̀gá Thirkell yọ irin létí. Ó ní ó ti wọlé. Nígbà náà ni òjò gidi bẹ̀rẹ̀ sórí páànù, pàràpàrà. Ó wo òrùlé, ó fajú ro.

"Ẹ ní kí ìyẹn dákẹ́. Kò jọ òjò rárá."

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹjọ

Irun dé ní aago méje. Mo bá wọn gbé àpótí gíláàsì jáde. Ihò aṣọ tábìlì mi nìkan ló ṣẹ́ kù, mo gé e tòun ti aṣọ tó yí i ká, mo fi sínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹjọ

Coronet ni wọ́n ti fi eré náà hàn wá láàárọ̀, àwa nìkan, kí ilé tó ṣí. Bàbá gba ọ̀nà iwájú. Ó wo àwọn ìkòkò òdòdó tó wà lórí pákó, ó fi ìka kan ọ̀kan. Ó gbẹ. Ó ní wọn kì í bomi rin ín.

Nígbà tí òjò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Màámi dì mọ́ kóòtù rẹ̀. Bàbá ń wo iwájú. Ó ní, "Òjò yẹn ò burú." Ìgbà tí ẹyẹ tí í ṣe èmi sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyẹn náà." Ọ̀gá Pascoe bi í bóyá ó máa bá wọn ṣe èyí tó kàn, tí wọ́n bá rí ibi tí wọ́n máa yà á. Ó ní òun máa rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tuntun ti wà lẹ́bàá iná wa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ lẹ́tà ńlá sí ara agolo rẹ̀: KÌ Í ṢE JÍJẸ.

Mo tún ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yìí kà. Ọlọ́pàá yẹn ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹṣin mọ́kànlá, n kò ní yí i padà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà, mo jókòó sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá, níbi tí pákó yẹn wà nísinsìnyí. Àwòrán adìyẹ kan yọ lókè. Òjò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ẹṣin wà lọ́wọ́ kejì. Ó tẹ̀ ba sí mi létí, ó ní, "Clarrie, ọwọ́ mi kún. Ìwọ ṣe adìyẹ."

Mo ṣe é.